Àgbádárìgì: wọ́n gba owó àlọ àti àbọ̀, àlọ nìkan ni wọ́n gbé wa

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bi ọlọ́kọ̀ ojú omi náà kí n tó sanwó. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀, ibí yìí lẹ máa bá mi." Nígbà tá a padà dé etí ọ̀sà ní Gberefu, erékùṣù tó wà ní òdìkejì ọ̀sà Àgbádárìgì, ní aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lékèélékèé méjì péré la bá. Mo pè é, ó ní òun ń bọ̀. Mo tún pè, ó ní òun ti wà lójú omi. Nígbà ìpè kẹta, mo ń gbọ́ agbèrò lẹ́yìn rẹ̀ tó ń pariwo "Mile 2! Mile 2!" Mi ò mọ̀ pé gáréèjì ti wà lórí ọ̀sà. Lẹ́yìn ìyẹn, ó pa fóònù.

Mi ò ní sọ nípa ọ̀nà Mile 2 sí Àgbádárìgì. Ẹni tó ti gbà á mọ̀ ọ́n. Òtẹ́ẹ̀lì tá a sùn sí náà, iná lọ ní aago mọ́kànlá òru, ọmọbìnrin tó wà ní káúńtà fún wa ní abẹ̀bẹ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ilẹ̀ mọ́, mo rí abẹ̀bẹ̀ nínú rìsíìtì.

Amọ̀nà wa lọ̀rọ̀ tèmi. Ní ilé Sẹ́ríkí Abass, ó kó wa wọ ọ̀kan nínú yàrá 40 tí wọ́n ń há ẹrú mọ́. Ọmọ Ìjọgà ni Sẹ́ríkí yìí. Wọ́n mú òun náà lẹ́rú lọ sí Brazil, ó sì padà wá di olówò ẹrú. Ìyàwó mi ní, "Báwo ló ṣe lè ṣe é?" Amọ̀nà ò fèsì. Ó kàn nawọ́ sí ojú fèrèsé kékeré tó wà lókè, ó jáde, ó fi wá sílẹ̀ níbẹ̀. Mo ti pàdé àwọn amọ̀nà tẹ́nu wọn kì í sinmi. Èyí mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́.

Ní ti Gberefu, iyanrìn ni gbogbo ọ̀nà, oòrùn sì mú. Ẹ wọ bàtà tó rọ̀. Ẹ ó kọjá lára kànga tí wọ́n ní wọ́n ń fún àwọn ẹrú ní omi rẹ̀ mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé, kẹ́ ẹ tó dé ibi òpó méjì tó kọjú sí òkun, níbi tí wọ́n ti ń kó àwọn ẹrú wọ ọkọ̀. Kò sẹ́ni tó ya fọ́tò nínú wa.

Ibi tí mo ti ń bú ọlọ́kọ̀ yẹn ni amọ̀nà ti jókòó sórí gbòǹgbò igi àgbọn kan. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ní oṣù Jánúárì 1845, Àjàyí Crowther àti Townsend, àwọn míṣọ́nnárì, dé Àgbádárìgì, Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ. Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá, tó ń retí wọn kú, ọ̀nà dí. Nǹkan bí ọdún kan ààbọ̀ ni wọ́n fi dúró níbí. Ẹ̀yin ò tíì lo wákàtí kan." Mo fẹ́ bínú sí i, ẹ̀rín ló gbà mí lẹ́nu.

Ìyá kan tó ń ta àgbọn gbọ́ wa. Ó ní, "Ẹ jókòó, ọmọ mi," ó bẹ́ àgbọn mẹ́ta, ó sì pariwo lédè Ẹ̀gùn sí apẹja kan tó ń tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe lọ́ọ̀ọ́kán. Ọmọkùnrin náà fi àjẹ̀ wà wá sọdá. A ò gbúròó ẹ́ńjìnnì, omi nìkan là ń gbọ́. Ní tòótọ́, ìyẹn ni wákàtí tó dùn jù nínú ọjọ́ méjèèjì. Kí n tó na ọwọ́ sápò, amọ̀nà ti fún ọmọ náà lówó, ó sì kọ̀ láti gbà á padà lọ́wọ́ mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá ọlọ́kọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ní èbúté. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo dé ibẹ̀, mi ò bá yín ni." Mo ní kó dá owó àbọ̀ mi padà. Ó tún dọ̀bálẹ̀.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5. A ti bá amọ̀nà yẹn sọ̀rọ̀, oṣù Disẹ́ńbà la tún ń lọ.