Àgbéyẹ̀wò ìwé ìbéèrè àti ìdáhùn kẹ́mísírì tíọ́rì kan: ẹ rà á fún ìṣirò, ẹ má gbára lé e fún àlàyé

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún un. N kò ní dárúkọ ìwé náà, torí irú rẹ̀ kún ọjà, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ara wọn tán: èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán, àkọlé rẹ̀ rí gàdàgbà, àwòrán ọmọ kan tó wọ kóòtù funfun tó di ìgò mú sì wà níwájú. Ìyá oníwèé tó tà á fún mi ní Ìbàdàn ní, "Ọmọ mi, èyí ni gbogbo wọn ń rà o." Kò purọ́. Nígbà tí mo dé ilé lẹ́sìn tí a ti ń múra GCE (ìyẹn WASSCE tàwa tí a ń dá forúkọ sílẹ̀), ọwọ́ ta ni ìwé ọ̀hún kò sí?

Fún ẹni tí kò tíì jókòó ìdánwò náà, bébà kejì kẹ́mísírì WASSCE, èyí tí a ń pè ní tíọ́rì, wákàtí 2 ni, 100 máàkì ló sì wà lórí rẹ̀. Apá A ní ìbéèrè kéékèèké 10, dandan ni gbogbo wọn, máàkì 25. Apá B ní ìbéèrè 4, a ó mú 3 níbẹ̀, máàkì 25 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ti fi ọbjẹ́tíìfù orí fóònù múra, tó kàn ń tẹ A tẹ D, á dé ibẹ̀, ohun tó mọ̀ á wà lọ́kàn rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò sì ní lè kọ ọ́. Ìdí tí mo fi fi áàpù ọ̀fẹ́ sílẹ̀ tí mo lọ ra ìwé nìyẹn.

Ìṣirò ni ibi tí ìwé yìí ti gba oríyìn. Ẹni tó ṣe apá náà mọ bí wọ́n ṣe ń máàkì. Kì í fo ìlà. Á kọ equation tó bálánsì, á kọ fọ́múlà, á fi nọ́ńbà sí i, á wá kọ ìdáhùn pẹ̀lú yúníìtì, á sì fi àmì kékeré síbi tí máàkì bá wà. Ẹ fojú sí àmì yẹn dáadáa. Bí ìdáhùn ìkẹyìn bá tilẹ̀ wọ́, àwọn ìlà tó ṣáájú á ṣì mú nǹkan wálé. Àwa tí a fẹ́ràn ká máa ṣe gbogbo rẹ̀ lórí kásíkúléétọ̀, ká wá kọ nọ́ńbà kan ṣoṣo sílẹ̀, a máa ń fi máàkì ṣòfò ni.

Àmọ́ ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹ ṣe ń lò ó. Ìbéèrè kan wà lórí electrolysis, ìyẹn fífi iná mànàmáná tú kẹ́míkà: iná 0.5 A gba inú omi kọ́pà(II) sọ́fẹ́ètì kọjá fún sẹ́kọ́ǹdù 1930, kọ́pà mélòó ni yóò lẹ̀ mọ́ káthódù, ọ̀pá tó so mọ́ ẹ̀gbẹ́ òdì bátìrì? Ìwé fi 0.5 sọ 1930 di púpọ̀, ó rí 965 C (kúlọ́ọ̀mù, iye iná tó kọjá), ìyẹn tọ̀nà. Ó wá fi 96500 (iye C tó wà nínú móòlù ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan) pín in, ó ní 0.01 móòlù, ó fi 63.5 (ìwọ̀n móòlù kọ́pà kan ní gíráàmù) sọ ọ́ di púpọ̀, ó sì fi ìgboyà fa ìlà méjì sábẹ́ 0.635 g. Kọ́pà tí à ń wí yìí, Cu²⁺ ni. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù 2 ló ń gbà kó tó di kọ́pà, torí náà 2 × 96500, ìyẹn 193000, ló yẹ kí wọ́n fi pín 965. 0.005 móòlù ló máa jáde, ìyẹn 0.318 g. Bùọ̀dá tó ń kọ́ wa ní kí gbogbo wa mú bíró ká fagi lé e lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó ń dá kàwé nílé láìsí bùọ̀dá kankan ńkọ́?

Apá àlàyé ló bí mi nínú jù. Wọ́n bi í pé, nínú Contact process, ìyẹn ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe sulphuric acid, kí ló dé tí a kì í da SO₃ sínú omi tààrà? Ìwé dáhùn pé nítorí pé ó léwu. Ó tán! Ohun tí ẹni tó ń máàkì ń wá ni pé ooru tó ń jáde pọ̀ jù, ásíìdì náà á di kùrukùru tó ṣòro láti kó jọ, ìdí nìyí tí a fi ń da SO₃ sínú sulphuric acid tó nípọn kó di oleum, kí a tó wá fi omi là á. Bákan náà ló ṣe first ionization energy, ìyẹn agbára tí a fi ń yọ ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan kúrò lára átọ́ọ̀mù: kò sọ pé gáàsì ni àwọn átọ́ọ̀mù náà, kò sì sọ pé móòlù kan ni. Ọmọ tó bá há irú àlàyé bẹ́ẹ̀ sórí á rò pé òun gba gbogbo máàkì ni.

Ohun tó kó mi yọ ni ojú òpó ẹ̀kọ́ tí WAEC fúnra rẹ̀ gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí wọ́n ń kó ìjábọ̀ àwọn ọ̀gá òǹmáàkì sí. Ọ̀fẹ́ ni, dátà lásán ló ń ná ni. Ìbéèrè wà níbẹ̀, ìdáhùn tí wọ́n ń retí wà níbẹ̀, wọ́n sì ń sọ ibi tí àwọn ọmọ ti gbé e gbági. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan á pa ìwé dé, a ó kọ ìdáhùn sórí fúlúsíkáàpù, a ó pààrọ̀, òun á fi bíró pupa máàkì tèmi, èmi á máàkì tirẹ̀ láìṣojúsàájú. Ìjà díẹ̀ bá a dé o! Ṣùgbọ́n B3 ni mo gbà, ọ̀nà yẹn ni mo sì gbé e fún ju ìwé lọ.

Ẹjọ́ kan ṣì kù. Sílébọ́ọ̀sì náà ní apá tó kan gbogbo orílẹ̀-èdè, ó ní apá tó jẹ́ ti Gánà nìkan, ó sì ní èyí tó jẹ́ tàwa ará Nàìjíríà pẹ̀lú Sìẹ́rà Líónì, Gáḿbíà àti Làìbéríà. Tiwa ló ní sọ́fọ̀ àti náítírójìn, omi líle, bí wọ́n ṣe ń yọ irin àti alumíníọ́mù. Ìwé yìí da ìbéèrè Gánà pọ̀ mọ́ tiwa láìfi àmì kankan sí i. Mo lajú lórí àwọn kan títí kí n tó mọ̀ pé kò kàn mí.

Ìtẹ̀wé rẹ̀ kò burú. Gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn rẹ̀ ò lágbára, àwọn àwòrán ìgò àti páìpù sì dúdú kirikiri.

Bí ẹ bá ní tíṣà tàbí ọ̀rẹ́ tó máa bá yín yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ rà á, owó rẹ̀ kò wọ́n. Bí ẹ bá ń dá kàwé, ojú òpó WAEC ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ. Kẹ́ ẹ tó sanwó fún oníwèé, ẹ ní kó jẹ́ kẹ́ ẹ ṣí ibi electrolysis. Bí ìṣirò kọ́pà ò bá ní 2 lẹ́gbẹ̀ẹ́ 96500, ẹ bi í bóyá ó ní ẹ̀dà mìíràn.