Àpò aṣọ fún tòmátì ìgbà ìwọ́wé: ẹni tó bá lè bomi rin ín ni kó rà á

Àpò tí a ń kó iyẹ̀pẹ̀ sí láti fi gbin nǹkan ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, bí a sì tilẹ̀ ń pè é ní àpò aṣọ, kì í ṣe aṣọ tí a hun. Polypropylene ni wọ́n fi ṣe é, ìyẹn fọ́nrán ike tí wọ́n tẹ̀ mọ́ra títí ó fi nípọn. Àwọn tó ń ṣe é pọ̀, orúkọ tí wọ́n ń fún un sì yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n ọjà kan náà ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn: àpò róbótó tó dúdú tàbí tó ní àwọ̀ eérú, tó ní ìdìmú méjì, tí omi àti afẹ́fẹ́ sì lè gba gbogbo ara rẹ̀ kọjá. Mo ti lò ó fún tòmátì, ata àti ẹ̀fọ́ nígbà ìwọ́wé níbi tí òtútù kì í ti í tètè dé, mo sì ti gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ike lásán àti ike tó ní àyè omi nísàlẹ̀ kí n lè fi wọ́n wéra. Ìdájọ́ mi ni pé ó yẹ ní rírà fún tòmátì bí ó bá tóbi tó, tí ẹni tó rà á sì lè máa bomi rin ín lójoojúmọ́. Fún ẹni tí kì í gbélé tàbí tó ń rìnrìn àjò lemọ́lemọ́, ìnáwó asán ni.

Ìgbà ìwọ́wé níbi tí ojú ọjọ́ ti ń gbóná ní ìṣòro tirẹ̀, òun ló sì yẹ ká fi wọn ohun èlò yòówù tí a bá fẹ́ rà. Inú ooru ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní apá àríwá ayé, ó yẹ kí tòmátì ti wà nínú àpò ní oṣù Kẹjọ tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án. Ní apá gúúsù, oṣù Kejì tàbí ìkẹta ni. Ọ̀pọ̀ tòmátì tó ń yára so máa ń lo ọjọ́ 60 sí 80 lẹ́yìn tí a bá ti ṣí i gbìn kí èso rẹ̀ tó pọ́n, ṣùgbọ́n nítorí pé ọ̀sán ń kúrú sí i lákòókò yìí, ó dára ká fi bí ọ̀sẹ̀ méjì kún iye ọjọ́ tí wọ́n kọ sára páálí irúgbìn. Bí ọ̀sán bá ń ju 32 °C lọ, tí alẹ́ kò sì wálẹ̀ ju 24 °C, lẹ́búlẹ́bú inú òdòdó tòmátì kì í ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, òdòdó náà yóò sì rẹ̀ dànù láìso. Alẹ́ tó wà láàárín 13 sí 21 °C ló bá a lára mu jù. Kò sí àpò tàbí ike kan tó lè yí èyí padà, nítorí náà, bí ẹ bá rí i lára páálí pé àpò kan ń mú kí tòmátì so nínú ooru, ẹ má gbà á gbọ́. Ohun tí àpò lè ṣe ni pé kó dáàbò bo gbòǹgbò títí alẹ́ yóò fi tutù, kí òdòdó tó máa so lè bá ewéko tó lágbára nílẹ̀.

Ní ti ìdáàbòbò yìí, àpò aṣọ fi ẹ̀yìn ike dúdú balẹ̀ pátápátá. Ike dúdú tó kọjú sí oòrùn ìrọ̀lẹ́ lè mú kí iyẹ̀pẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gbóná kọjá 40 °C, gbòǹgbò tó wà níbẹ̀ yóò sì kú. Bí a bá fa irú ewéko bẹ́ẹ̀ yọ nígbà tí àsìkò rẹ̀ bá parí, a ó rí i pé ẹ̀gbẹ́ kan kún fún gbòǹgbò funfun, ẹ̀gbẹ́ tí oòrùn ń pa sì ti di rúsúrúsú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Ara àpò aṣọ máa ń rin, omi tó ń gbẹ kúrò lára rẹ̀ ló sì ń gbé ooru lọ, bí òógùn ṣe ń ṣe fún ara èèyàn. Lọ́sàn-án gangan, mo máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: bí ó bá ṣì tutù, omi wà níbẹ̀, bí ó bá ti gbóná tó sì le, omi ti ń tán lọ.

Àwọn tó ń tà á tún máa ń pọ́n ọ̀rọ̀ gbòǹgbò gan-an. Nínú ike, gbòǹgbò tó bá kan ògiri yóò ṣẹ́rí, yóò sì máa yípo títí yóò fi lọ́ mọ́ra wọn. Nínú àpò, orí gbòǹgbò tó bá yọ síbi tí afẹ́fẹ́ wà yóò gbẹ, èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ yóò sì pẹ̀ka. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ojú sì lè rí i. Àmọ́ tòmátì ìgbà ìwọ́wé kì í sábà gbé inú àpò ju oṣù mélòó kan lọ, gbòǹgbò tó ń yípo, tó lè ba igi tó ń gbé ọ̀pọ̀ ọdún jẹ́, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ rí àyè pa á lára láàárín àkókò yẹn. Bí ó bá jẹ́ pé tìtorí gbòǹgbò nìkan ni, ike ni n bá máa lò lọ.

Ọ̀rọ̀ gan-an wà lórí omi. Omi tó ń mú kí àpò tutù náà ni omi tó ń sọ nù, èèyàn kò sì lè gba ọ̀kan kó kọ èkejì. Nígbà tí oòrùn ṣì ń mú, àpò 20 lítà tí tòmátì tó ti gbó wà nínú rẹ̀ lè fẹ́ omi láàárọ̀ kó tún fẹ́ ẹ ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ máa ń tó fún ike tó tóbi bákan náà. Ewu ibẹ̀ ju pé kí ewé rọ lọ. Bí omi bá pọ̀ lónìí, tó sì tán lọ́la, kálísíọ̀mù, èròjà kan tí ewéko ń fà látinú iyẹ̀pẹ̀, kì í dé ìdí èso bó ṣe yẹ, ìdí tòmátì náà yóò sì dúdú, yóò rì wọnú. Ọ̀pọ̀ tó bá rí i máa ń sáré lọ ra kálísíọ̀mù tí wọ́n ń fọ́n sára ewé, bẹ́ẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà, omi tó ṣe déédéé ni òògùn rẹ̀.

Ó tún ní ẹ̀tàn kan tí ẹni tó bá ń lò ó gbọ́dọ̀ mọ̀. Bí iyẹ̀pẹ̀ inú àpò bá gbẹ pátápátá, pàápàá èyí tí wọ́n fi peat (ewéko jíjẹrà tí wọ́n wà látinú irà) pò, yóò súnkì kúrò lára aṣọ. Omi tí a bá wá dà sí i yóò gba àlàfo náà sọ̀kalẹ̀, yóò sì ṣàn jáde nísàlẹ̀ láìdé àárín. Ẹni tó ń bomi rin ín yóò rí omi nílẹ̀, yóò sì rò pé ewéko ti mu yó. Ẹ di ìdìmú kan mú kí ẹ sì gbé e sókè díẹ̀: bí ó bá fúyẹ́, àárín rẹ̀ gbẹ. Àpò kékeré ṣeé gbé sínú ọpọ́n omi fún bí ìdajì wákàtí kó lè fà á mu láti ìsàlẹ̀. Èyí tó tóbi kò ṣeé gbé bẹ́ẹ̀, díẹ̀díẹ̀ la ó máa da omi sí i, a ó dúró, a ó tún dà á. Koríko gbígbẹ tí a bá tẹ́ sójú iyẹ̀pẹ̀ ń ràn án lọ́wọ́. Páìpù tó ń kán omi, tí aago ń ṣí tó sì ń tì, fẹ́rẹ̀ẹ́ mú ìṣòro yìí kúrò, ṣùgbọ́n ẹ fi owó rẹ̀ kún owó àpò kí ẹ tó sọ pé àpò ò wọ́n.

Ẹni tí kò bá lè ṣe gbogbo wàhálà yìí, ike tó ní àyè omi nísàlẹ̀ ni kó rà. Iyẹ̀pẹ̀ ń fa omi mu sókè bó ṣe ń fẹ́ ẹ, ìdí tòmátì tó ń dúdú sì máa ń dín kù. Ó ní àléébù tirẹ̀: iyọ̀ inú ajílẹ̀ máa ń kó jọ sójú iyẹ̀pẹ̀, ẹ̀fọn sì lè yé sínú ihò tí a ń gbà da omi sí i bí kò bá ní ìdérí. Síbẹ̀, bí ẹnì kan bá ní kí n yan ọ̀kan ṣoṣo fún òun láìjẹ́ pé mo mọ bí ọjọ́ rẹ̀ ṣe ń lọ, òun ni màá yàn.

Ní ti ìwọ̀n, ẹ má fọkàn sí àwòrán tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọjà, níbi tí tòmátì gíga ti ń so wọ̀ǹtì-wonti nínú àpò tí kò ju 10 lítà lọ. Lójú tèmi, 20 lítà ló kéré jù fún tòmátì kúkúrú bíi Roma. Èyí tó ń ga láìdúró ń fẹ́ 40 lítà ó kéré tán, pẹ̀lú ọ̀pá tó lágbára. Iye tí wọ́n sì kọ sára àpò jẹ́ ìwọ̀n rẹ̀ bí ó bá kún dé etí, èyí tí ẹnikẹ́ni kì í ṣe, nítorí a gbọ́dọ̀ fi àyè sílẹ̀ lókè fún omi. Inú ooru ni èyí ti máa ń hàn jù, torí àpò kékeré kì í rí omi tó pọ̀ tó fi pa mọ́.

Ata ń ṣe dáadáa nínú rẹ̀. Fún létúùsì àti ẹ̀fọ́ tí gbòǹgbò rẹ̀ kò jìn, àpò fífẹ̀ tí jíjìn rẹ̀ kò ju 20 sẹ̀ǹtímítà lọ ti tó, àmọ́ ẹ má tètè gbin létúùsì, nítorí pé irúgbìn rẹ̀ kì í fẹ́ hù nínú iyẹ̀pẹ̀ tó bá ju 30 °C lọ. Kárọ́ọ̀tì ń fẹ́ èyí tó jìn, mi ò sì rí ìdí tó fi yẹ kí ẹnikẹ́ni ra àpò nítorí rẹ̀ bí ó bá ti ní ike.

Omi tó ń ṣàn jáde lójoojúmọ́ máa ń gbé náítírójẹ̀n àti pòtásíọ̀mù, àwọn èròjà tí ewéko ń jẹ, lọ. Ajílẹ̀ tí a dà pọ̀ mọ́ iyẹ̀pẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ kì í gbé tòmátì dé ìgbà èso, nítorí náà, mo máa ń fi ajílẹ̀ olómi kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mo sì máa ń pò ó fẹ́lẹ́. Ilà funfun tó máa ń yọ sára àpò lẹ́yìn àkókò díẹ̀ jẹ́ iyọ̀ tí omi gbé jáde. Kò pa nǹkan lára, ó kàn ń ba ẹwà rẹ̀ jẹ́. Ẹ má bu iyẹ̀pẹ̀ oko sínú rẹ̀, torí yóò tẹ̀ mọ́ra, omi ò sì ní lè gbà á kọjá dáadáa. Èyí tí a fi fọ́nrán èèpo àgbọn, kọ́ńpóòsì (ewé àti pàǹtírí tó ti jẹrà) àti perlite (òkúta funfun fífúyẹ́ tó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé) pò ló bá a mu.

Nígbà tí òtútù bá wá ń sún mọ́lé, ìwà tó gbà wá sílẹ̀ lọ́wọ́ ooru yóò yí padà dojú kọ wá, nítorí ara àpò tó rin máa ń tutù lóru ju ike lọ. Ìdìmú wá wúlò níbí: a lè fa àpò sún mọ́ ògiri tí oòrùn ń rà sí bí alẹ́ bá ń lọ sísàlẹ̀ 10 °C. Ó tún wúlò bí àrùn tó ń ká ewé tòmátì jọ bá mú ọ̀kan, èyí tí eṣinṣin funfun kéékèèké ń gbé kiri, kí a lè tètè gbé e kúrò láàárín àwọn tó kù.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo ibi tí wọ́n ti rán ìdìmú mọ́ àpò. Bí ó bá jẹ́ ilà òwú kan ṣoṣo, yóò já nígbà tí iyẹ̀pẹ̀ bá rin. Àwọn tó dára máa ń rán an ní onígun mẹ́rin, wọ́n á sì fi òwú kọjá láàárín rẹ̀. Ẹ wá èyí tí wọ́n sọ pé oòrùn kì í tètè jẹ, nítorí polypropylene tí wọn kò fi nǹkan dáàbò bò máa ń gbó nínú oòrùn, etí rẹ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ fọ́ sílẹ̀ bí èèyàn bá dì í mú. Bí àsìkò bá parí, ẹ da iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ sídìí ewéko tí kì í ṣe tòmátì tàbí ata, ẹ fọ àpò náà, ẹ sá a kó gbẹ, kí ẹ sì ká a síbi tí oòrùn kò ti ní bá a.