Kọ́ọ̀sì Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ Ọjọ́ Sátidé ní Garki: Ṣé Ó Tó Owó Rẹ̀?

Rédíò, tẹlifíṣọ̀n àti orí íntánẹ́ẹ̀tì ni kọ́ọ̀sì tí mo lọ ní Garki, l'Ábùjá níbí, ní òun ń kọ́ni. Ká má fọ̀rọ̀ gùn: ti rédíò dáa gan-an, ti tẹlifíṣọ̀n ṣeé gbà, ti íntánẹ́ẹ̀tì kò tó nǹkan. Bó bá sì jẹ́ Yorùbá lẹ fẹ́ fi jẹun, ìṣòro kan wà níbẹ̀ tó ju gbogbo rẹ̀ lọ.

Ní ti rédíò, ìdí máìkì ni àwọn olùkọ́ ibẹ̀ ti dáńgájíá jù. Ẹ̀ṣẹ́ dídì kan ni wọ́n fi ń wọn àárín ẹnu sí máìkì, bíi sẹ̀ǹtímítà 10, wọ́n á sì yí máìkì díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu kí atẹ́gùn “b” àti “f” má baà kọlù ú. Ẹni tó bá sún mọ́ ọn jù, ohùn rẹ̀ á ki. Ọ̀pọ̀ wa fẹ́ràn ìyẹn torí ó ń jọ ohùn ọ̀gá, àmọ́ nínú rédíò kékeré, ọ̀rọ̀ ò ní yéèyàn mọ́. Kí iná òṣùwọ̀n ohùn máa jó láàárín -12 sí -6 dB (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ariwo). Tó bá ti kan 0, ohùn ti fọ́ nìyẹn, kò sí àtúnṣe tó máa mú un bọ̀ sípò.

Wọn kì í fi ìwé kíkà ṣeré. Kí lẹ́tà tóbi tó 14 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹ̀yìn ìwé wà lófìfo, kí gbólóhùn má ṣe já sí ojú ìwé kejì, kí ẹnikẹ́ni má sì fi pín-ìn-nì so ó pọ̀, torí ṣe ni a ń rọra fa ìwé sẹ́gbẹ̀ẹ́, a kì í ṣí i. ₦45,000 gbọ́dọ̀ di “ẹgbẹ̀rún márùndínláàádọ́ta náírà” lórí ìwé, kí ẹ má baà máa ka òdo lórí afẹ́fẹ́. Wọ́n tún ń mú wa pe Gwagwalada, Kwali, Abaji àti Bwari títí ahọ́n á fi là. Ti aago ni mo gbádùn jù: bí ètò bá máa parí ní aago 4 gééré, tí orin ìparí sì jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 40, 3:59:20 ni ẹ ó tẹ̀ ẹ́ láìjẹ́ kó dún síta, ẹ ó wá gbé e sókè bí ọ̀rọ̀ bá ṣe tán.

Ìṣòro Yorùbá rèé. Ọ̀nà ìkéde Òyìnbó ni wọ́n ń kọ́ gbogbo èèyàn: rẹ ohùn wálẹ̀ níparí gbólóhùn, gbé e sókè lórí ọ̀rọ̀ tó ṣe kókó. Tẹ́ ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ ní Yorùbá, ohùn òkè á di àárín, ìròyìn á sì di nǹkan mìíràn létí àgbàlagbà tó ń gbọ́ yín ní Nyanya. Dípò bẹ́ẹ̀, ẹ dúró díẹ̀ kí ẹ tó pe ọ̀rọ̀ tó ṣe kókó, kí ẹ sì fà á. Níparí gbólóhùn, ẹ dín ariwo kù, ẹ má dín gíga ohùn kù. Ẹ fi àmì ohùn sórí gbogbo ọ̀rọ̀ inú ìwé yín, pàápàá orúkọ èèyàn.

Ní ti tẹlifíṣọ̀n, kámẹ́rà kan ni gbogbo kíláàsì ń pín. Ẹ̀kọ́ máìkì àyà wúlò ṣá: ìbú ọwọ́ kan sísàlẹ̀ àgbọ̀n, kí iyùn tàbí agbádá tí wọ́n fi sítáàṣì lẹ̀ gbagidi má máa ha á lára. Aṣọ onílà tín-ín-rín máa ń gbọ̀n rìrì lójú kámẹ́rà.

Bí wọ́n ṣe ń tẹ “live” nìkan ni ẹ̀kọ́ íntánẹ́ẹ̀tì. Wọn ò sọ pé dátà tó ń jáde ló yẹ ká wọ̀n, kì í ṣe èyí tó ń wọlé, pé fídíò tó mọ́lẹ̀ níwọ̀n 720p fẹ́ kí dátà máa jáde ní ìwọ̀n tó 3 Mbps tí kò ní máa já, àti pé ìró jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò kì í kúrò nínú ohùn bọ̀rọ̀.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ bèèrè bóyá wọ́n á gba ohùn yín sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta, kí wọ́n sì fi fáìlì WAV rẹ̀ lé yín lọ́wọ́. Èyí tí wọ́n bá gbà sílẹ̀ bíi “voice note” lórí WhatsApp ti fún pọ̀ jù láti gbé lọ síwájú ọ̀gá ilé-iṣẹ́ rédíò.