Ẹ̀rọ Asẹ́mi RO/DI Onípele Mẹ́rin, àti Ewédò Inú Táńkì Iyùn Mi

Lítà 60 péré ni táńkì omi iyọ̀ mi, nílé wa ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹja clownfish méjì ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú zoanthid, ẹranko inú òkun tó jọ iyùn, àti àwọn iyùn rírọ̀. Ewédò onírun ló fẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi. Ó gùn tó ìka ọwọ́, ó ń fì sọ́tùn-ún sósì, ìfófòó afẹ́fẹ́ kéékèèké sì ń lẹ̀ mọ́ ọn lára. Zoanthid tó bá bò mọ́lẹ̀ kì í ṣí mọ́. Bí mo bá fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ha á kúrò lára òkúta, kò ní pẹ́ tó máa tún fi hù.

Omi ló ń bọ́ ọ. Àwọn ilé-iṣẹ́ omi nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń fi fọ́sífeètì sínú omi ẹ̀rọ, nítorí àwọn ilé tí wọ́n kọ́ ṣáájú 1970 ṣì lè ní páìpù òjé. Fọ́sífeètì yìí ni kì í jẹ́ kí òjé yọ́ sínú omi tí à ń mu. Ó dáa fún wa, àmọ́ ajílẹ̀ gidi ni fún ewédò. Ojoojúmọ́ ni omi táńkì ń fà, tí a sì ń fi omi tí kò níyọ̀ dí i. Bí fọ́sífeètì bá wà nínú èyí tí à ń bù sí i, inú táńkì ló ń kó jọ sí. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. Ṣọ́ọ̀bù kan ni mo ti ń ra omi tí wọ́n ní àwọn ti sẹ́, àfìgbà tí mo ki mítà TDS, èyí tó ń wọn ohun tó yọ́ sínú omi, bọ̀ ọ́ tó ka 40. Odo ló yẹ kó kà. Ìdí tí mo fi ra ẹ̀rọ asẹ́mi RO/DI tèmi nìyẹn.

Asẹ́ àkọ́kọ́ ń gba iyanrìn àti ìpẹtà. Èédú tó tẹ̀ lé e ń mú chlorine kúrò, torí chlorine máa ń ba membrane, awọ tín-ínrín tó ń sẹ́ omi (òun ni RO), jẹ́. Membrane ló ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù: omi ẹ̀rọ wa ń ka nǹkan bí 290, bó bá kọjá níbẹ̀, kì í tó 10. Résìnì (òun ni DI), hóró kéékèèké tó ń fa ohun tó ṣẹ́ kù mọ́ra, á wá gbé e dé odo.

Ẹ̀rọ náà ní àléébù. Láti rí lítà kan tó mọ́, lítà mẹ́ta sí mẹ́rin ló ń ṣàn dànù. Tèmi kì í ṣòfò, mo fi ń fọ ilé, mo sì fi ń bomi rin òdòdó. Gálọ́ọ̀nù 75 lójúmọ́ ni wọ́n kọ sára rẹ̀, àmọ́ nígbà òtútù, tí omi páìpù bá tutù nini, kò lè sẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rárá. Ohun tó dùn mí jù ni pé ìwé ìlò rẹ̀ kò sọ pé omi tó kọ́kọ́ jáde lẹ́yìn tí ẹ̀rọ ti sinmi kì í mọ́. Kí ẹ jẹ́ kó ṣàn dànù fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kó tó dé ìdí résìnì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ résìnì á tètè kú.

Ẹ̀rọ yìí kì í pa ewédò o. Oúnjẹ rẹ̀ ló ń dá dúró, òkúta tó sì ti mu fọ́sífeètì yó á ṣì máa tú u sílẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Mò ń fọwọ́ fà á tu, mo sì kó ìgbín trochus tó ń jẹ ewédò síbẹ̀; òun ni mo yàn torí bó bá dojú bolẹ̀, ó lè yí ara rẹ̀ padà. Díẹ̀díẹ̀, ewédò náà funfun, ó sì ń já fúnra rẹ̀. Hanna ULR, ohun èlò tí mo fi ń wọn fọ́sífeètì, ń ka nǹkan bí 0.05 báyìí. Mi ò fẹ́ kó dé odo, nítorí ibẹ̀ ni dinoflagellate, ohun abẹ̀mí tíntìntín inú omi, ti ń rí àyè, ọ̀rá aláwọ̀ ilẹ̀ yẹn sì burú ju ewédò lọ. Zoanthid mi ti ń ṣí láràárọ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ wá èyí tí résìnì rẹ̀ ń pàwọ̀ dà bó bá ti ń tán, tí mítà TDS sì wà lára rẹ̀ ní ojú méjì: lẹ́yìn membrane àti lẹ́yìn résìnì. Owó tí ẹ máa fi ra iyùn méjì tàbí mẹ́ta á ká a.