André & Wally B. àti Luxo Jr.: èwo ló ju èwo lọ?

Lọ́dún 1984, ẹ̀ka kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ Lucasfilm ní Amẹ́ríkà gbé fíìmù kékeré kan tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà ṣe jáde: The Adventures of André & Wally B. Alvy Ray Smith ló darí rẹ̀, John Lasseter ló mú kí àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀ máa rìn. Igbó inú rẹ̀ rẹwà, ewé kún orí igi bámúbámú. Bí kòkòrò oyin inú rẹ̀ bá sì fò fìrí, àwòrán rẹ̀ á ṣe bàìbàì, bí ohun tó ń sáré kọjá lójú ẹni gan-an. Iṣẹ́ ńlá ni nígbà náà.

Luxo Jr. dé ní 1986, òun sì ni fíìmù àkọ́kọ́ tí Pixar, ilé iṣẹ́ tí ẹ̀ka Lucasfilm yẹn dà, ṣe. Kò sí igbó níbẹ̀. Iná orí tábìlì méjì ni, bàbá àti ọmọ, pẹ̀lú bọ́ọ̀lù kan. Wọn ò lójú, wọn ò lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọmọ yẹn nígbà tó fò gun bọ́ọ̀lù títí tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ fi tán: ó dorí kodò, bí ọmọ tó mọ̀ pé òun ti ba nǹkan jẹ́. Àánú rẹ̀ ṣe mí.

Ní tèmi, Luxo Jr. ló ta yọ. Igbó ti 1984 ń fi agbára ẹ̀rọ hàn. Iná kékeré yìí ń fi ìwà hàn. Òun ni fíìmù kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ tí wọ́n yàn fún ìdíje Oscar, títí dòní ló sì ń fò wọlé níbi orúkọ Pixar níbẹ̀rẹ̀ àwọn fíìmù wọn.