Ryegrass, Timothy àbí Brome: Irúgbìn Koríko Wo Lẹ Máa Rà fún Ilẹ̀ Tó Tutù Gan-an?

Látìgbà tí mo ti gbé fọ́tò àwọn ewúrẹ́ àti àgùntàn wa síta làwọn èèyàn wa tó wà ní Canada ti ń bi mí pé irúgbìn koríko wo ni káwọn rà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí mò ń gbé, torí orí ẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dúró lé. Oko wa wà ní Canada, ní àríwá ìlú Saskatoon, lọ́nà Prince Albert, níbi tí òtútù ti lè já sí -40 láwọn ọjọ́ kan nínú Jánúárì. Tó bá jẹ́ gúúsù Ontario lẹ wà, tàbí England, ilẹ̀ tiyín ò le tó tiwa, ẹ fi ojú yẹn ka ohun tí mo kọ.

Mi ò ní sọ̀rọ̀ protein tàbí iye tọ́ọ̀nù tó ń jáde lórí éékà kan, gbogbo ìwé pẹlẹbẹ àwọn tó ń ta irúgbìn ló ti kọ ìyẹn. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi tọwọ́tẹsẹ̀ mú: ṣé koríko yẹn máa wà láàyè nígbà tí sínóò bá yọ́?

Ọdún àkọ́kọ́ tá a ra ilẹ̀, mo ra àdàlù irúgbìn lọ́wọ́ ẹnì kan torí owó ẹ̀ ò wọ́n, onítọ̀hún sì ní ó máa tètè hù. Òótọ́ ló sọ, ó tètè hù. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí éékà mẹ́jọ fi tutù yọ̀yọ̀, perennial ryegrass ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, àwọn ewúrẹ́ ń jẹ ẹ́ bíi kó má tán. Nígbà tó fi máa di Ọ̀kitóbà, koríko àwọn aládùúgbò ti pọ́n, tiwa ṣì ń ta ewé tuntun, mo sì ń yọ̀, mi ò mọ̀ pé ewé tuntun yẹn gan-an ló máa pa á.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Koríko tó mọ òtútù, tí ọjọ́ bá ti ń kúrú, tí ojú ọjọ́ sì ti wálẹ̀ sí bíi 5 degree sí 0, ó máa dáwọ́ ewé dúró, á máa kó ṣúgà jọ sí ìdí ẹ̀, omi ara ẹ̀ á dín kù, á múra sílẹ̀. Èyí tí wọ́n tọ́ fún ilẹ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kì í gbọ́ ìkìlọ̀ yẹn, ó máa ń dàgbà lọ títí òtútù á fi bá a ní ìhòòhò. Àwọn olùwádìí máa ń kó ìdí koríko sínú firísà, wọ́n á máa fi òtútù kún un díẹ̀díẹ̀, wọ́n á wo ibi tí ìdajì ẹ̀ ti kú. Perennial ryegrass sábà máa ń kú láàárín -10 sí -15. Timothy tó dáa lè kọjá -20. Sínóò tó nípọn máa ń bo ilẹ̀ bí aṣọ òtútù, ìyẹn lọ́jọ́ tí sínóò bá wà o.

Ní ìparí Fẹ́búárì ọdún tó tẹ̀ lé e, ojú ọjọ́ lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, sínóò yọ́, omi dúró síbi tó rẹlẹ̀, òru ọjọ́ kẹrin gbogbo ẹ̀ dì padà, ó dà bíi pé ẹnì kan da gíláàsì sórí oko. Abẹ́ yìnyín bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ ò lè wọlé, èyí tí koríko ń mí síta náà ò ríbi gbà jáde. Bàbá òyìnbó tí oko wọn bá tiwa pààlà ló wá bá mi, wọ́n ní kí n má dúró de oṣù karùn-ún kí n tó mọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀. A fi àáké àti ṣọ́bìrì gbẹ́ ìdí koríko mẹ́fà láti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, a kó wọn sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ilé ìdáná, ìyàwó mi ń bomi rin ín láràárọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, ọ̀kan péré ló yọ ewé, timothy ni, bóyá ẹni tó ni ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀ ló gbìn ín sí ẹ̀gbẹ́ wáyà. Mo fi ọ̀bẹ la ìdí àwọn tó kù. Èyí tó yè, inú ẹ̀ funfun ó sì le bí ìdí àlùbọ́sà, èyí tó kú pupa rẹ́súrẹ́sú, ó rọ̀, ó sì ń rùn kíkan bí ògì tí wọ́n gbàgbé sínú omi.

Owó koríko gbígbẹ tí mo rà kí ẹran má baà kú títí di Júláì ju ìlọ́po mẹ́ta owó irúgbìn yẹn lọ. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn nìyẹn.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó béèrè iye tí wọ́n ń tà á, ẹ béèrè orúkọ irú ẹ̀. Àwọn tó ń mú irú koríko tuntun jáde á gbin ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdí síta, wọ́n á jẹ́ kí wíńtà pa èyí tó máa pa, èyí tó bá yè tó sì lágbára ni wọ́n á kó sójú kan kí atẹ́gùn da ìyẹ̀fun òdòdó wọn pọ̀, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ lórí ọmọ wọn, ó lè gba ọdún 10 sí 15. Gbogbo iṣẹ́ yẹn wà nínú orúkọ kan tí wọ́n kọ sára àpò. Àpò tí wọ́n kàn kọ "timothy" sí, ẹ ò mọ ibi tí ìyá ẹ̀ ti wá. Ẹ wo Norway: Engmo wá láti Troms lápá àríwá pátápátá, ó tètè máa ń sinmi, òtútù ò sì rí i gbé ṣe. Grindstad wá láti gúúsù, ó máa ń yára hù padà tí wọ́n bá gé e, àmọ́ kò lè fara da wíńtà tó Engmo. Timothy làwọn méjèèjì o. Níbí ní Canada, irúgbìn certified, ìyẹn èyí tí wọ́n ti yẹ̀ wò tí orúkọ irú ẹ̀ sì dájú, máa ń ní táàgì búlúù lára, èyí tí wọ́n ń pè ní Common kì í lórúkọ irú kankan.

Ó ku ká fi wọ́n wéra.

Perennial ryegrass: adùn ẹ̀ ò láfiwé, ẹran fẹ́ràn ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá máa lò ó fún ọdún kan péré, kò burú. Ẹ má kà á mọ́ koríko tó máa dúró.

Timothy: yìnyín ò tètè pa á, òun ló lágbára jù nínú wọn nípa ti yìnyín. Irú ẹ̀ kan tó ń jẹ́ Climax, tó jáde ní Ottawa ní 1947, ṣì lórúkọ títí di òní. Irúgbìn ẹ̀ kéré bíi yanrìn, ó lé ní mílíọ̀nù kan nínú pọ́ùn kan, torí náà pọ́ùn mẹ́rin sí mẹ́fà tó éékà kan. Àwọn ẹlẹ́ṣin fẹ́ ẹ, Alberta ń kó o lọ tà ní Japan. Àmọ́ gbòǹgbò ẹ̀ ò jìn. Tí òjò bá ti dá ní Júláì, ó parí nìyẹn, mo ti rí i lóko ara mi ní ọdún méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹran ń wo ilẹ̀ gbígbẹ.

Smooth brome: òtútù ò lè rí nǹkan kan ṣe fún un. Àwọn ará Alaska tiẹ̀ dà á pọ̀ mọ́ ìbátan ẹ̀ tó ń hù nígbó ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n pè é ní Polar, ó jáde ní 1965. Gbòǹgbò ẹ̀ máa ń rá lábẹ́ ilẹ̀ wọ oko aládùúgbò, ó sì ń lé koríko ìbílẹ̀ kúrò nílẹ̀ wọn. Tí ẹran bá ti jẹ ẹ́ tán, ẹ máa dúró kó tó hù padà, torí òkè igi ẹ̀ ni ibi ìdàgbà ẹ̀ máa ń wà, wọ́n á sì ti jẹ ẹ́ lọ.

Meadow brome: ilẹ̀ Turkey ni ìpilẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀ ti wá, irú ẹ̀ tó ń jẹ́ Regar ló kọ́kọ́ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1966, lẹ́yìn náà R. P. Knowles, ọ̀gá kan tó ń mú irú koríko tuntun jáde ní Saskatoon níbí, mú Fleet àti Paddock jáde ní 1987. Ewé ẹ̀ ń ti ìdí wá, tí ẹran bá jẹ òkè, ìsàlẹ̀ á kàn máa bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ. Ọjọ́ kejìlá tí mo kó ẹran kúrò lórí ẹ̀, ewé ti kan kókósẹ̀ mi. Kò le tó smooth brome nínú wíńtà, mo ti ní àwọn ibi tó fọ́nká. Irúgbìn ẹ̀ nírun, ó máa ń há sínú ẹ̀rọ ìgbìn, ẹ ní láti máa dúró kẹ́ ẹ fi igi rò ó. Àwọn tó bá fẹ́ ohun tó wà láàárín méjèèjì lè wá AC Knowles, tí wọ́n fi smooth àti meadow brome bí, orúkọ ọ̀gá yẹn náà ni wọ́n sì fi sọ ọ́.

Nítorí náà, ẹni tí ilẹ̀ ẹ̀ lómi tó sì fẹ́ ta koríko gbígbẹ, kó ra timothy. Ẹni tó fẹ́ gé e lẹ́ẹ̀kan lọ́dún kó sì gbàgbé ẹ̀, smooth brome á ṣe é. Ẹni tó bá ní ẹran tó fẹ́ máa jẹko láti Méè títí di Sẹ̀tẹ́ḿbà, bíi tiwa, kó gbin Fleet, kó fi alfalfa díẹ̀ sí i, ìyẹn ewéko kan tó jẹ́ ìbátan ẹ̀wà tí ẹran máa ń jẹ. Àpò Fleet méjì ló wà nínú àká mi báyìí fún éékà mẹ́rin tó kù, mo sì ti ń ka ọjọ́.

Ẹni tó bá wà nítòsí tó fẹ́ fojú ara ẹ̀ rí i, kó wá ní ìparí Máàṣì. Mo máa gbẹ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì kan fún un, kó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ilé tiẹ̀.