Awò progressive fún ẹni tí kò rí nǹkan ìtòsí mọ́: ohun tí mo rí nídìí rẹ̀

Bí ẹ bá ń rí ọ̀nà jíjìn dáadáa, àmọ́ tí ẹ ní láti na fóònù síwájú kí ẹ tó lè ka àtẹ̀jíṣẹ́, àgbà ló ń dé sí ojú. Láti nǹkan bí ẹni 40 ọdún ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ìwé kíkà kọ́ ló fà á. Lẹ́ǹsì inú ẹyinjú ló ń le díẹ̀díẹ̀, tí kò fi lè yí ara rẹ̀ padà bíi ti tẹ́lẹ̀ láti mú ohun tó wà nítòsí.

Awò ìkàwé tí wọ́n ń tà láìsí àyẹ̀wò ni mo kọ́kọ́ lò, agbára rẹ̀ jẹ́ +1.50. Ó dára fún ẹni tó kàn fẹ́ kàwé. Bíbọ́ àti wíwọ̀ ló sú mi: bí mo bá gbójú sókè wo ẹni tó ń bá mi sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ a ṣe bàìbàì. Agbára kan náà ló sì wà lápá méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ojú mi méjèèjì kò ríran dọ́gba.

Ni mo bá ra progressive. Òkè rẹ̀ wà fún ọ̀nà jíjìn, àárín fún kọ̀ǹpútà, ìsàlẹ̀ fún ìwé, kò sì sí ìlà tó là á bíi ti bifocal, awò alápá méjì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ìkánjú wọn ojú yín. Níbi tí mo ti kọ́kọ́ ṣe é, àlàfo tó wà láàárín ẹyinjú méjèèjì nìkan ni wọ́n wọ̀n, wọn kò wo ibi tí ẹyinjú ga dé nínú férémù. Ibi ìkàwé wá lọ sísàlẹ̀ jù. Mo ní láti gbé àgbọ̀n sókè bí ẹni tó ń wo àjà kí n tó lè ka ohun tó wà lára páálí oògùn, ọrùn a sì máa ro mí di alẹ́. Mo dá a padà. Wọ́n gbé férémù wọ̀ mí, wọ́n sàmì sí ọ̀gangan ẹyinjú kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì tún un ṣe. Ìyàtọ̀ rẹ̀ pọ̀ gan-an.

Ẹ̀gbẹ́ awò náà máa ń ṣe bàìbàì. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Orí ni kí ẹ yí sí ohun tí ẹ fẹ́ wò. Lórí àtẹ̀gùn, ẹ tẹ orí ba kí ẹ lè fi òkè awò wo ẹsẹ̀ yín, torí ibi ìkàwé kò ní jẹ́ kí ẹ rí i kedere.

Ìràwọ̀ 4 nínú 5 ni mo fún un. Ibi kọ̀ǹpútà ló tóóró jù: ẹni tó bá ń jókòó tì í látàárọ̀ ṣúlẹ̀ á ṣì nílò awò mìíràn fún ìyẹn.